Ọkọ̀ Fiat Kékeré àti Àwọn Tí Ó Ti Ni Ín Rí

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ sún mọ́ tòsí, nítorí ọ̀rọ̀ mọ́tò ni a fẹ́ sọ. Mo mọ̀ pé kò sí ọmọ tí kì í dúró wòran bí mọ́tò bá kú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí mẹkáníìkì sì wọ abẹ́ rẹ̀ lọ.

Mọ́tò tí mo ní lọ́kàn yìí kò tóbi rárá. Láti imú rẹ̀ títí dé ìdí rẹ̀ kò pé mítà mẹ́ta. Bí àgbàlagbà ọkùnrin méjì bá dùbúlẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀, tí orí ọ̀kan kan ẹsẹ̀ èkejì, wọn yóò gùn jù ú lọ. Nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde, ìwọ̀n rẹ̀ kò pé 500 kìlógíráàmù. Fiat 500 ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Turin, ní apá àríwá ilẹ̀ Ítálì, ni a ti dá ilé iṣẹ́ Fiat sílẹ̀ ní ọdún 1899. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọkọ̀ yìí ní ìtàn tí ó gùn ju ara rẹ̀ lọ, bí a bá sì mọ bí a ti ń kà á, a lè mọ ẹni tí ó ti wà á rí, ibi tí ó gbé e dé, àti ìyà tí ó fi jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin àgbà yóò rántí Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá. Àwọn ará Ítálì náà a máa sọ mọ́tò lórúkọ ẹranko. Ọkọ̀ kékeré tí Fiat ṣe ní ọdún 1936, Topolino ni wọ́n ń pè é. "Eku kékeré" ni ìtumọ̀ rẹ̀, òun náà sì ni orúkọ tí wọ́n fún Mickey Mouse, eku inú àwòrán sinimá, ní èdè wọn. Ẹnjiníà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dante Giacosa ni ó ṣe ètò ọkọ̀ náà, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni nígbà yẹn. Ọkùnrin kan náà ni ó ṣe ètò 500 tuntun, èyí tí ó jáde ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1957. Ti 1957 yìí ni a ń sọ.

Kí ni ó fà á tí wọ́n fi nílò ọkọ̀ tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀? Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, owó ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ àwọn ará Ítálì. Kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń gùn. Ní ọdún 1946 ni alùpùpù Vespa dé, ẹni tí ó bá sì rí i rà ti di ènìyàn pàtàkì. Bàbá a jókòó níwájú, ọmọ a dúró sí àárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyá a wà lẹ́yìn, òjò a sì máa pa gbogbo wọn. Iṣẹ́ tí ó wà níwájú Giacosa ni láti ṣe ọkọ̀ tí ó ní òrùlé, tí ẹni tí ń gun Vespa yóò lè rà. Gbogbo ohun tí ọkọ̀ lè ṣe aláìní ni ó mú kúrò.

Ó gbé ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ti Ìjàpá, nítorí náà kò sí ọ̀pá irin gígùn tí yóò máa gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá. Afẹ́fẹ́ ni ó fi ń tu ẹ́ńjìnnì náà lára, kì í ṣe omi, nítorí náà kò sí rédíétọ̀ tí yóò máa jò. Sìlíńdà méjì péré ni ó fún un dípò mẹ́rin. Bí ẹ bá da àyè inú méjèèjì pọ̀, 479 síí-síì ni. Omi tí ó lè gbà kò lè kún ìgò bíà ńlá kan. Agbára rẹ̀ kò ju ti ẹṣin 13 lọ. Ó yọ irin kúrò ní òrùlé, ó fi kánfáàsì dí i. Kò sí aago tí ń sọ iye epo bẹntiróò tí ó kù nínú táǹkì. Iná kékeré kan ni ó máa ń tàn bí epo bá fẹ́ tán.

Owó rẹ̀ jẹ́ 490,000 líírà, owó Ítálì ìgbà náà. Àwọn ènìyàn wò ó, wọ́n kùn. Wọ́n ní kò sí ìjókòó gidi lẹ́yìn. Wọ́n ní gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kò ṣe é yí sílẹ̀, ooru yóò sì mú ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, Fiat ti tún ọkọ̀ náà ṣe. Ó fi agbára díẹ̀ kún un, ó tún ta èyí tí kò ní ọ̀ṣọ́ ní 465,000 líírà, ó sì dá 25,000 padà fún àwọn tí ó ti rà á ṣáájú. Ẹ gbọ́ o, ó dá owó padà! Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà lójoojúmọ́, ẹ mọ bí irú rẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n tó. Láti ìgbà náà ni ọjà náà ti tà. Ní ọdún 1959 wọ́n fún ọkọ̀ náà ní Compasso d'Oro, ẹ̀bùn tí a ń fi yẹ́ ohun ìlò tí a fi làákàyè ṣe sí ní Ítálì. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ọdún 1975, èyí tí wọ́n ti ṣe lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀.

Ohun tí ó bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀? Ẹni kan kì í pa ìkòkò ìdáná mọ́ sínú àpótí aṣọ. Wọ́n lò ó, wọ́n fi í ru ẹrù, wọ́n fi í kọ́ ọmọ ní ìwakọ̀, nígbà tí ó gbó, wọ́n gbé e tì. Ní ọdún 1997 ìjọba Ítálì fi owó ran ẹnikẹ́ni tí ó bá mú ọkọ̀ tí ó ti pé ọdún mẹ́wàá wá kí a fọ́ ọ, kí ó sì ra tuntun. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ni ó lọ sí ibi tí a ti ń fún irin pọ̀ ní ọdún yẹn. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 2017, ilé ìkóhun-iṣẹ́-ọnà-sí ńlá ti New York tí a ń pè ní MoMA gba Fiat 500 kan wọlé, ó gbé e sí àárín àwọn iṣẹ́ ọnà rẹ̀. Irú ayé báyìí!

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan nínú wọn ṣe àpẹẹrẹ. N kò sọ pé ọkọ̀ báyìí kan wà ní ilé lágbájá. Mo kó ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí púpọ̀ nínú wọn jọ sí ara ẹyọ kan ni, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa.

A ṣe ọkọ̀ tiwa yìí ní ọdún 1966, ó funfun. Irú tí wọ́n ń fi lẹ́tà F pè ni, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1965. Ṣáájú rẹ̀, ẹ̀yìn ni a kan ìlẹ̀kùn Fiat 500 mọ́, tí ó fi jẹ́ pé bí ìlẹ̀kùn bá ṣí lórí eré, afẹ́fẹ́ yóò gbà á lọ. Irú F ni ó kọ́kọ́ ní ìlẹ̀kùn tí a kàn mọ́ iwájú bí ti ọkọ̀ mìíràn. Ẹni tí ó rà á jẹ́ òṣìṣẹ́ kan tí ó ti Calabria wá, ní ìsàlẹ̀ pátápátá ilẹ̀ Ítálì, tí ó wá ṣiṣẹ́ ní Turin gẹ́gẹ́ bí ọ̀kẹ́ àìmọye ará gúúsù ti ṣe ní àkókò yẹn. Oṣooṣù ni ó ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí oṣù Kẹjọ bá dé tí ilé iṣẹ́ bá tì, yóò di àpótí mẹ́ta sórí òrùlé, yóò kó ìyàwó àti ọmọ méjì sínú rẹ̀, wọn yóò sì dorí kọ ilé. Ọ̀nà ńlá tí ó lọ láti Milan dé Naples, èyí tí wọ́n ń pè ní Ọ̀nà Oòrùn, ti parí ní 1964. Eré ọkọ̀ náà kò tó 100 kìlómítà ní wákàtí kan bí ó ti wù kí a tẹ iná tó. Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa lọ, tí àwọn ọkọ̀ ńlá yóò máa fẹ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Nígbà tí bàbá kú, ọkọ̀ bọ́ sí orúkọ ọmọbìnrin rẹ̀, ẹni tí ó ti fi kọ́ ìwakọ̀. Obìnrin yìí rí ọkọ̀ mìíràn rà lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó sì yá àbúrò bàbá rẹ̀ tí ń dáko ní Calabria ní Fiat náà. Ẹni tí ó yá a kò dá a padà, ẹni tí ó yá ni kò sì bèèrè mọ́, bí ó ti máa ń rí láàárín ẹbí. Odidi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó fi ń kó tòmátì àti èso ólífì. Níkẹyìn, ó kú sínú ahéré lábẹ́ àpò òfìfo. Nígbà tí ìjọba ń fi owó pe àwókù ní 1997, àgbẹ̀ náà kò yọjú. Bóyá ó fẹ́ràn rẹ̀ ni, bóyá kò fẹ́ kó àpò kúrò lórí rẹ̀ ni. Àgbẹ̀ náà ti kú nígbà tí ọmọ obìnrin náà ṣí ahéré, tí ó rí imú ọkọ̀ lábẹ́ eruku, tí ó sì sọ pé òun yóò tún un ṣe.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kò mọ gbogbo ìtàn tí mo sọ fún yín yìí. Báwo ni yóò ti mọ̀ ọ́n?

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ìwé. Láti ọdún 1927 ni Ítálì ti ní ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan tí a ń kọ ẹni tí ó ni ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sí, ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò ilẹ̀ náà ni ó sì ń tọ́jú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá mú nọ́ńbà ọkọ̀ wá tí ó san owó, wọn yóò ṣe ẹ̀dà fún un tí yóò fi gbogbo ẹni tí ó ti ni ọkọ̀ náà hàn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Nọ́ńbà ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Lẹ́tà méjì TO tí ó wà lára rẹ̀ túmọ̀ sí Turin. Ní ìgbà náà, bí ọkọ̀ bá bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ń gbé ẹkùn mìíràn, a ó yọ nọ́ńbà rẹ̀, a ó fún un ní ti ẹkùn tuntun. Nítorí náà, ọkọ̀ tí nọ́ńbà ìbí rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ níyì lójú àwọn tí ó mọ̀.

Ìwé fi orúkọ méjì hàn án, ti bàbá ìyá rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀. Kò dárúkọ àgbẹ̀. Lójú ìwé, ẹni tí ó lo ọkọ̀ yìí pẹ́ jù lọ kò fọwọ́ kàn án rí.

Ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ mọ̀ ọ́n. Lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú, níbi tí táǹkì epo àti bátìrì wà, a tẹ nọ́ńbà ara ọkọ̀ sínú irin, ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 110F. Ó bá ìwé mu. Ó lọ sẹ́yìn, ó wo ara ẹ́ńjìnnì, ó rí 126A. Ẹ̀yin tí ẹ ní etí ẹ gbọ́: Fiat 126 ni ọkọ̀ tí ó rọ́pò 500, ọdún 1972 ni ó sì jáde. Ọkọ̀ 1966 kò lè bá ẹ́ńjìnnì 1972 wá sí ayé. Ẹnìkan ti pààrọ̀ rẹ̀, ó fẹ́ agbára tí yóò gbé tòmátì gun òkè. Ó tún rí ọ̀dà búlúù tí a fi búrọ́ọ̀ṣì kùn sórí funfun, tí ojú búrọ́ọ̀ṣì ṣì hàn lára rẹ̀. Ó gbé ìjókòó, ó bá ègé èso ólífì gbígbẹ lábẹ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ pa etí òrùlé, ó kan ibi tí ó ti tẹ̀ wọlé, níbi tí àpótí bàbá ìyá rẹ̀ máa ń jókòó sí ní gbogbo oṣù Kẹjọ.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le. Bí ó bá tún ọkọ̀ náà ṣe kí ó dà bí ọjọ́ tí ó ti ilé iṣẹ́ jáde, ó ti pa àgbẹ̀ náà rẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bí ó bá sì fi sílẹ̀ bí ó ti wà, kò ní lè wà á, nítorí ìpáàrà ti jẹ ẹ́.

Ọkọ̀ yìí kò ní ẹgungun irin lọ́tọ̀. Bí ti akàn ni, èèpo rẹ̀ ni ẹgungun rẹ̀. Omi tí ó gba kánfáàsì òrùlé wọlé a máa dúró sórí ilẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ rọ́bà ìtẹ́lẹ̀, níbi tí ojú kò tó o. Omi kíkan inú bátìrì a máa kán sórí irin iwájú. Ní apá àríwá, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nígbà yìnyín a máa wọ inú àpótí irin gígùn tí ó wà lábẹ́ ìlẹ̀kùn ní ọ̀tún àti òsì. Àpótí irin méjì wọ̀nyí ni ó di iwájú ọkọ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yóò gé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà kí ó lè fi tuntun sí i, ọkọ̀ yóò sì tẹ̀ láàárín bí pákó tútù, ìlẹ̀kùn kò sì ní padé mọ́ láé. Ajórin tí ó mọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ jó irin gbọọrọ mọ́ ojú ìlẹ̀kùn láti igun kan dé èkejì, yóò wọ̀n ọ́n, yóò gé ẹ̀gbẹ́ kan, yóò jó tuntun sí i, kí ó tó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ kejì. Owó ajórin yìí nìkan lè ju iye tí a lè ta ọkọ̀ náà lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí tí wọn kò parí rẹ̀.

Bíréèkì kò ní àríyànjiyàn. Òróró bíréèkì a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, irin tí ó wà nínú rẹ̀ a sì lẹ̀ pọ̀. Tuntun ni kí a fi gbogbo rẹ̀ sí. Kò sí ẹni tí yóò fi ìrántí dá ọkọ̀ dúró níwájú ọmọ tí ń kọjá títì. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà kò ṣòro rí. Orílẹ̀-èdè Poland ń ṣe Fiat 126 títí di ọdún 2000, ẹ̀yà púpọ̀ nínú rẹ̀ sì bá 500 mu. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn tí ó fẹ́ràn ọkọ̀ yìí tún wà ní Garlenda, ìlú kékeré kan ní Liguria, níbi tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1984. Ẹni tí ó bá ń wá ẹ̀yà kékeré kan kò ṣe dédé máa dá wá a kiri.

Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ni ó mú ìjà wá. Ìyá fẹ́ kí ti àgbẹ̀ dúró. Ọmọ ní ìwé ọkọ̀ sọ pé 110F, òfin sì fẹ́ kí ohun tí ó wà nínú ọkọ̀ bá ìwé mu. Òfin ni ó borí. Wọ́n rí 110F kan tí písítìnnì rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ sìlíńdà. Wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, wọ́n da òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ojú ihò, wọ́n fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n sì fi ọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tú. Ẹni tí ó bá kánjú fi agbára yí i yóò ṣẹ́ nǹkan tí ó wọ́n.

Ẹ lè bi mí pé, bí a bá ti pààrọ̀ ilẹ̀ rẹ̀, bíréèkì rẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ṣé ọkọ̀ bàbá ìyá náà ni ó ṣì jẹ́? Ẹ ronú nípa ọkọ́ tí bàbá yín fi ń roko. Ẹ̀rúkọ́ rẹ̀ ṣẹ́, ó gbẹ́ òmíràn. Irin rẹ̀ jẹ tán, alágbẹ̀dẹ rọ òmíràn. A ṣì ń pè é ní ọkọ́ bàbá. Òfin Ítálì rí tirẹ̀ sọ: irin tí a tẹ nọ́ńbà ara ọkọ̀ sí ni ọkọ̀ náà. Ẹni tí ó bá gé irin yẹn dànù ti pa ọkọ̀ náà, bí gbogbo ìyókù tilẹ̀ ń dán. Èmi ò rò pé ìyẹn tó. Ní tèmi, ohun tí ó lè pa ènìyàn ni kí a pààrọ̀, ohun tí kò ju pé kò lẹ́wà lọ, kí a fà sẹ́yìn ná kí a tó fọwọ́ kàn án. Ọ̀dà tí a bá ti há kúrò kò tún ṣe é kùn padà bí ó ti wà, bó ti wù kí akunlé mọ iṣẹ́ tó.

Bákan náà ni ìyá àti ọmọ ṣe parí ìjà wọn. Wọ́n fi ọ̀dà funfun kun òde ọkọ̀. Inú bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú, wọ́n fi búlúù àgbẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú ojú búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Etí òrùlé tí ó tẹ̀, wọn kò nà án. Ẹ́ńjìnnì 126 wà nínú ahéré, wọ́n fi àpò bò ó.

Ó ku jíà. Jíà ọkọ̀ yìí kò dà bí ti ìsinsìnyí. Kò sí ohun tí ń mú eré eyín jíà dọ́gba nínú rẹ̀, awakọ̀ ni yóò fi ẹsẹ̀ ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti jíà kẹta sí èkejì, ẹ óò tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ óò gbé jíà sí fíríì, ẹ óò fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ẹ óò tẹ iná fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ óò tún tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ tó fi jíà sí èkejì. Bí ẹ bá yẹ ọ̀kan sílẹ̀ nínú rẹ̀, eyín jíà yóò pariwo, gbogbo ẹni tí ó wà ní òpópónà yóò sì wẹ̀yìn.

Ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde, ìyá ni ó jókòó sídìí ìtọ́kọ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ó fa irin kékeré tí ó wà nílẹ̀ láàárín ìjókòó méjèèjì, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń dá ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un bí a ti ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì. Kò dá a lóhùn. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti tẹ̀ sísàlẹ̀, jíà kejì wọlé láìdún.